Máṣíìnì Tó Ti Sùn Pẹ́: Ẹ Má Tíì Tẹ Kíìkì

Ìbéèrè mẹ́fà láti àwọn àdúgbò Ìbàdàn la mú lóṣù yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí alùpùpù àtijọ́ tó ti wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún: Honda àti Suzuki ayé ọjọ́sí tí wọ́n gbé sábẹ́ àtẹ̀gùn, sẹ́yìnkùlé, tàbí sínú ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò ṣí mọ́. Ìdáhùn àkọ́kọ́ gùn ju àwọn yòókù lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ti ń kú lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jí i.

Láti Òkè-Àdó

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Honda CG125 bàbá mi ti wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa láti bí ọdún 17. Kíìkì rẹ̀ ò lọ sílẹ̀ mọ́, ó dúró gbagidi. Mẹkáníìkì àdúgbò ní ká gbé e sí jíà kejì, ká tì í sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà ilé wa, pé yóò tú fúnra rẹ̀. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀? Kí ló sì kàn lẹ́yìn rẹ̀?*

Ẹ má tì í o. Bí kíìkì bá dúró gbagidi, ríǹgì písítìnì ló sábà máa ń ti lẹ̀ mọ́ ara sìlíńdà. Irin ni àwọn méjèèjì. Níbi tí ẹ́ńjìnnì dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n pa á kẹ́yìn, fáàfù kan lè wà ní ṣíṣí, kí afẹ́fẹ́ ìgbà òjò sì máa gba inú sàláńsà tàbí kabúrétọ̀ wọlé. Lóru, omi inú afẹ́fẹ́ náà á sẹ̀ sára irin, ìpẹtà á dé, á sì so ríǹgì mọ́ sìlíńdà bí ìgbà tí wọ́n fi ṣìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá tì í ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìwúwo máṣíìnì àti ti ẹni tó jókòó lé e ni yóò já a tipátipá. Ríǹgì lè ṣẹ́, ó lè fa sìlíńdà lára ya, fáàfù tó ti há sí ihò rẹ̀ sì lè mú kí ọ̀pá tó ń tì í tẹ̀. Ohun tí ọ́ìlì àti sùúrù ọjọ́ mẹ́rin ìbá tú á wá di owó sìlíńdà tuntun.

Ẹ fi páǹpù táyà fẹ́ iyanrìn ìdí púlọ́ọ̀gì dànù kẹ́ ẹ tó tú u, kó má bàa já sínú ẹ́ńjìnnì. Bí púlọ́ọ̀gì ò bá tètè yí, ẹ kán ọ́ìlì sí ìdí rẹ̀ kó sùn mọ́ ọn. Alumíníọ́ọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì, irin sì ni púlọ́ọ̀gì, ẹ mọ èyí tó máa jẹ nínú àwọn méjèèjì. Tó bá ti jáde, ẹ gbé máṣíìnì sí jíà tó ga jù, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí wíìlì ẹ̀yìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ jáde níbi ihò púlọ́ọ̀gì, a jẹ́ pé jíà kíìkì ló há, písítìnì ò ṣe nǹkan kan. Bí kò bá yí rárá, ẹ máa bá mi bọ̀.

Ẹ wá ATF, ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sí jíà ọkọ̀ ọtomátíìkì, àti acetone lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà. Ẹ pò wọ́n ní ìdọ́gba. Wọn kì í wà pọ̀ pẹ́, nítorí náà ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kẹ́ ẹ tó da nǹkan bíi mílílítà 20, ìyẹn síbí tíì mẹ́rin, sí ihò púlọ́ọ̀gì. Acetone ló ń gbé ATF wọ àlàfo tí ọ́ìlì nìkan ò lè wọ̀. Ó ń yára gbiná gan-an. Kò gbọdọ̀ sí sítóòfù tàbí ẹni tó ń mu sìgá nítòsí. Ẹni tí kò bá rí i lè lo dísẹ́ẹ̀lì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní ìdọ́gba, àmọ́ ìyẹn máa pẹ́ jù ú lọ. Ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà láì fún un le, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa fi díẹ̀ kún un láràárọ̀.

Lẹ́yìn náà, nínú jíà tó ga jù yẹn kan náà, ẹ rọra máa mi wíìlì ẹ̀yìn síwá sẹ́yìn. Nínú jíà kínní, wíìlì á wúwo bí òkúta lọ́wọ́ yín. Jíà tó ga jù ló ń jẹ́ kí agbára ọwọ́ yín dé ara kíránkì, ọ̀pá tí písítìnì ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, dáadáa. Bó bá mira bí ìbú èékánná, ẹ má yọ̀ kẹ́ ẹ wá fi ipá yí i tán. Ẹ tún da ọ́ìlì sí i, ó di ọ̀la. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú ni o. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò mira, ó ku kẹ́ ẹ tú orí ẹ́ńjìnnì àti sìlíńdà, kẹ́ ẹ fi gẹdú kékeré àti òòlù rọ́bà rọra lu orí písítìnì. Ẹni tó bá fi irin lù ú á lu ihò sí i.

Ká ní ó ti tú. Ẹ má tíì tẹ kíìkì pé kẹ́ ẹ fi ṣáná sí i. Ẹ tú ọ́ìlì àtijọ́ dànù. Tó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ ibẹ̀ nìyẹn, ẹ ó sì pààrọ̀ ọ́ìlì tuntun náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 tó bá ti ṣiṣẹ́. Ẹ fọ asẹ́ onírin kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. CG125 ò ní fílítà bébà bíi ti ọkọ̀. Asẹ́ yìí àti ife kan tó ń yí ní ẹnu kíránkì ló ń gba ìdọ̀tí, ẹrẹ̀ tó wà nínú ife náà sì lè le bí amọ̀. Bí lítà kan ọ́ìlì ló máa gbà. Ẹ ra ti alùpùpù, 20W-40 tàbí 20W-50, tí wọ́n kọ JASO MA sí lára agolo. Kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì inú ọ́ìlì ló ń gbé. Àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kó máa yọ̀ jù láti dín epo kù máa ń mú un yọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wọn ọ́ìlì, ẹ gbé ọ̀pá ìwọ̀n lé ẹnu ihò láì dè é.

Tápẹ́ẹ̀tì, apá irin tó ń tẹ fáàfù, ló kàn. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí àmì T ara fúláwíìlì á fi bá àmì ara ilé rẹ̀ mu, tí tápẹ́ẹ̀tì méjèèjì á sì máa mira díẹ̀. Bí ọ̀kan bá le, ẹ tún yí i ní odidi ìyípo kan. 0.08 mm ni àlàfo fáàfù méjèèjì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Tí ti sàláńsà bá le jù, fáàfù ò ní pa ihò rẹ̀ dé dáadáa, iná á máa jẹ ẹ́ létí. Ẹ kán ọ́ìlì sórí àwọn tápẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó dé wọn.

Ní ti iná: ìpẹtà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń bo ojú kọ́ńtáàtì (irin méjì tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí púlọ́ọ̀gì lè ta iná) tó bá ti pẹ́, ojú lásán kì í sì í rí i. Ẹ fi sáńpépà tó kúnná jù rà á, kẹ́ ẹ fa bébà tí ẹ rẹ sínú bẹntiróò gba àárín rẹ̀ títí bébà á fi jáde ní mímọ́. 0.3 sí 0.4 mm ni àlàfo rẹ̀ nígbà tó bá ṣí jù. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ni D8EA, àlàfo 0.6 sí 0.7 mm. Ẹ so púlọ́ọ̀gì mọ́ wáyà rẹ̀, ẹ gbé ara rẹ̀ lé orí ẹ́ńjìnnì jìnnà sí ihò, kẹ́ ẹ wá tẹ kíìkì. Iná tó dára a máa ta, a sì máa rí bíi búlúù. Tó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí iná sì ń ta yàà lójú kọ́ńtáàtì fúnra rẹ̀, kọ̀ńdẹ́ńsà ló ti lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta kọ́ìlì fún yín kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ìyẹn, nítorí owó kékeré ni kọ̀ńdẹ́ńsà.

Kabúrétọ̀ ló máa gba ọjọ́ yín. Bẹntiróò tó gbẹ sínú rẹ̀ á di ohun tó dà bí oje igi, ihò tó sì kéré jù, ti jẹ́ẹ̀tì ìdúró (ìdè oníhò tí epo ń gbà nígbà tí máṣíìnì bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan), ló máa ń kọ́kọ́ dí. Èyí ló fà á tí máṣíìnì fi máa ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ṣóòkì, tó sì máa ń kú kété tí ẹ bá yọ ọ́. Ẹ tú gbogbo rẹ̀; kẹ́ ẹ tó tú ìdè afẹ́fẹ́, ẹ yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí á fi jókòó, kẹ́ ẹ máa ka ìyípo rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyípo kan ààbọ̀ láti ibi tó jókòó ló dára láti bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí kò bá rántí. Ẹ rẹ jẹ́ẹ̀tì sínú bẹntiróò mọ́jú, kẹ́ ẹ fi ẹyọ okùn kọ́pà kan ṣoṣo látinú wáyà iná gba ihò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọ́ o! Bíráàsì ni jẹ́ẹ̀tì, abẹ́rẹ́ á fẹ ihò rẹ̀ sí i, máṣíìnì á sì máa mu epo títí ayé.

Kẹ́ ẹ tó dá kabúrétọ̀ padà, ẹ wo inú ilé fílítà afẹ́fẹ́ àti ẹnu sàláńsà. Eku fẹ́ràn ibẹ̀, agbọ́n sì máa ń fi amọ̀ mọ ilé síbẹ̀.

Kílọ́ọ̀ṣì lè ti lẹ̀ pọ̀. Ẹ fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì nínú jíà kẹta, kẹ́ ẹ ti máṣíìnì. Bí wíìlì ẹ̀yìn ò bá yí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tú àwọn àwo rẹ̀, ẹ yà wọ́n, ẹ rẹ wọ́n sínú ọ́ìlì, kẹ́ ẹ tó dá wọn padà. Ẹni tó fo èyí á gbé máṣíìnì sí jíà, á sì bá ara rẹ̀ lára ògiri.

Ìgbà yìí ni kíìkì tó kàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà 30 láìsí púlọ́ọ̀gì, kí páǹpù ọ́ìlì lè gbé ọ́ìlì dókè. Lẹ́yìn náà ẹ de púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ fi rọ́bà so ìgò kékeré tí bẹntiróò tuntun wà nínú rẹ̀ mọ́ kabúrétọ̀, ẹ gbé e kọ́ sókè, kó má ṣe jẹ́ inú táńkì ni epo ti ń wá. Èéfín funfun tó máa kọ́kọ́ tú jáde, ọ́ìlì tí ẹ dà sí sìlíńdà ló ń jó. Afẹ́fẹ́ ìrìn ló ń mú ẹ́ńjìnnì yìí tutù, ẹ má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú kan ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Bó bá ṣì ń yọ èéfín búlúù lẹ́yìn tí ẹ ti gùn ún tó kìlómítà 15, tí ọ́ìlì sì ń lọ sílẹ̀, ẹ múra fún rìbóò, ìyẹn gbígbẹ́ ihò sìlíńdà kó fẹ̀ sí i. 56.5 mm ni fífẹ̀ ihò sìlíńdà CG125; písítìnì àfikún ń wá ní 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00. Písítìnì ni ẹ ń kọ́kọ́ rà, ẹ ó wá gbé e lọ fún tọ́nà pẹ̀lú sìlíńdà, kó lè gbẹ́ ihò náà bá ara písítìnì gan-an mu. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é sódì.

Láti Mọ́lété

*Inú táńkì máṣíìnì mi pupa fún ìpẹtà. Ẹnì kan ní kí n da omi bátìrì sí i, òmíràn ní kí n da iyanrìn àti omi sí i kí n máa mì í. Èwo ni kí n ṣe?*

Ẹ má ṣe èyíkéyìí. Ásíìdì bátìrì ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpẹtà àti irin tó ṣì dára. Tó bá jẹ tibí tán á kọjá sí tọ̀hún, èéfín rẹ̀ sì léwu fún ojú àti ẹ̀dọ̀fóró. Iyanrìn kò ní jáde tán láéláé, ẹnu ihò jẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti máa pàdé rẹ̀.

Citric acid lẹ ó lò, ìyẹ̀fun funfun bíi ṣúgà tí àwọn tó ń ta kẹ́míkà àti àwọn tó ń po ohun mímu ń lò. Gíráàmù 60 sí 100 sí lítà omi gbígbóná kan. Fún táńkì lítà 10, kílò kan ti tó. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, a sì lè fi fọ ìdè àti nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ọsàn mélòó lẹ fẹ́ fún kó tó kún táńkì? Omidùn náà kan, àmọ́ kò lágbára tó, òórùn rẹ̀ á sì lé yín jáde nílé.

Ẹ tú ẹ̀rọ epo àti ìdérí kúrò, ẹ fi rọ́bà àti ìdè dí ihò ìsàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ ìfọṣọ àti omi gbígbóná fọ inú rẹ̀, nítorí ibi tí epo bá bo, ásíìdì ò ní dé ibẹ̀. Tí ìpẹtà bá ti ń bó bí èèpo, ẹ da nọ́ọ̀tì kéékèèké 30 sí i, kẹ́ ẹ mì í dáadáa. Ẹ kà wọ́n kẹ́ ẹ tó dà wọ́n sí i, kẹ́ ẹ sì tún kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi citric acid kún un dé ẹnu, nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ bá kù sí ni ìpẹtà á kù sí. Kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú, ó pẹ́ tán wákàtí 24.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ nìyí: irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ máa ń tún pupa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó bá ti kan afẹ́fẹ́ nígbà tó ṣì tutù. Torí náà ẹ ti gbé gbogbo nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó da ásíìdì nù. Ẹ fi omi tí ẹ fi síbí baking soda mẹ́ta po ṣan án, ẹ tún fi omi lásán ṣan án, kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọkanáísà lójú ẹsẹ̀ kó fẹ́ ẹ gbẹ nínú oòrùn. Kété tó bá gbẹ, ẹ da mílílítà 100 ọ́ìlì 2T (èyí tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróò) àti bẹntiróò díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ yí i káàkiri kó kan gbogbo ara rẹ̀.

Tí ihò bá wá yọ lẹ́yìn èyí, ásíìdì kọ́ ló lu ú. Ìpẹtà ló ti ń dí i tẹ́lẹ̀. Ẹ má gbé e lọ fún àwọn wẹ́dà láìsọ ohun tó jẹ́. Táńkì tó ti gbẹ láti ọdún mẹ́wàá ṣì lè bú, nítorí èéfín bẹntiróò máa ń fara pamọ́ sínú ìpẹtà àti sí ojú ibi tí wọ́n ti so irin rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á fọ̀ ọ́, á da omi kún un títí kó kù díẹ̀ kó dé ibi ihò, kó tó fi iná kàn án. Àwọn kan máa ń da gúlúù epoxy sínú táńkì kó bo gbogbo inú rẹ̀. A ò fọwọ́ sí i: bí ìpẹtà díẹ̀ bá kù lábẹ́ rẹ̀, á máa bó bí awọ, á sì dí ẹ̀rọ epo pátápátá.

Láti Bẹẹrẹ, ọwọ́ bàbá kan tó lo Suzuki A100 nígbà èwe rẹ̀

*Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Mo ti jí Suzuki mi dìde, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ń bo gbogbo àdúgbò bí ẹni ń sun ààtàn, ọ́ìlì jíà rẹ̀ sì ń gbẹ láìjò sílẹ̀. Wọ́n tún ní písítìnì Jincheng AX100 á wọ inú rẹ̀. Òótọ́ ni?*

Bàbá wa, ẹ kú ìnáwó. Ọ́ìlì jíà tí ẹ ní ó ń gbẹ láìjò yẹn ló ń jó lójú yín. Ẹ́ńjìnnì onítúú-sítróòkù bíi ti A100 yín máa ń fa afẹ́fẹ́ àti epo gba inú ilé kíránkì, síìlì rọ́bà méjì ló sì ń pa ilé náà dé lápá méjèèjì. Bí rọ́bà bá dúró lójú kan fún ọdún púpọ̀, etí rẹ̀ á le, á sì sán. Nígbà tí síìlì ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì bá lọ, kíránkì á máa fa ọ́ìlì jíà mu, ohun tí ẹ ń rí nìyẹn. Síìlì ẹ̀gbẹ́ fúláwíìlì burú jù ú lọ, nítorí afẹ́fẹ́ lásán ló ń gbà wọlé: ẹ́ńjìnnì á máa sáré fúnra rẹ̀ tí ẹ bá ti dẹwọ́ epo, kò ní tètè sọ̀ kalẹ̀, ooru á pọ̀ jù, písítìnì á sì yọ́. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ wọlé, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀.

Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lójú síìlì: fífẹ̀ ihò inú, fífẹ̀ ìta, àti nínípọn, gbogbo rẹ̀ ní mílímítà. Nọ́ńbà yẹn lẹ ó mú lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta síìlì àti bíárìnì ní Aràrọ̀mí, Agodi Gate. Ẹ sọ fún wọn pé ibi tó ń gbóná ni. Ẹni tó bá ń tò ó kò gbọdọ̀ fi skrúdíráfà lu etí rẹ̀; kó fi gírísì pa ẹnu rẹ̀, kó sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ tó o tì í wọlé gọọrọ.

Ní ti písítìnì AX100, ẹ má ra á. Inú ẹ́ńjìnnì méjèèjì yàtọ̀. Ti A100 yín, àwo pẹlẹbẹ kan tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíránkì ló ń ṣí ọ̀nà fún epo, ìdí nìyẹn tí kabúrétọ̀ rẹ̀ fi fara pamọ́ sábẹ́ ìdérí ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ti AX100 wà lẹ́yìn sìlíńdà. Orúkọ ló jọra.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Páǹpù ọ́ìlì tó ti gbẹ máa ń ní afẹ́fẹ́ nínú. Ó lè máa yí láìpọn ọ́ìlì kankan, ẹ ò sì ní mọ̀ títí písítìnì á fi há. Kí ẹni tó ń ṣe é tú ìdè ìtú-afẹ́fẹ́ rẹ̀ títí ọ́ìlì á fi máa wá láìsí ìfófòó. Bó ti wù kó rí, ẹ po 2T mọ́ bẹntiróò fún táńkì méjì àkọ́kọ́: mílílítà 40 sí lítà kan, ìyẹn 200 sí lítà márùn-ún. Èéfín á pọ̀ díẹ̀, púlọ́ọ̀gì á sì máa dúdú, àmọ́ púlọ́ọ̀gì ṣeé fọ̀. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti pò sílẹ̀ létí títì, ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ tí wọ́n pò ó.

Láti Mọ́kọ́lá

*Mo fi bátìrì fóòtì 12 sí máṣíìnì àtijọ́ mi, gílóòbù ẹ̀yìn jó, fèrè náà dákẹ́. Kí ló dé?*

Fóòtì 6 ni máṣíìnì yín. Suzuki A100 àti CG125 ìgbà àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí. Ẹ ka ìdí gílóòbù kẹ́ ẹ tó ra bátìrì, a máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Tí bátìrì 6V tí ẹ rà bá jẹ́ 4Ah, 0.4 ámpíà ni kẹ́ ẹ fi gba iná sí i. Ẹ̀rọ ìgbanásí ọkọ̀ á sè é. Kò sì sídìí láti kánjú: iná púlọ́ọ̀gì àwọn máṣíìnì méjèèjì yìí látara fúláwíìlì ló ti ń wá, wọ́n á ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì rárá.

Láti Òjóó

*Honda mi ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí, ẹ ṣé. Táyà rẹ̀ ṣì ní eyín dáadáa. Mo fẹ́ gùn ún lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.*

Kò tíì yá. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ tó ju kìlómítà 40 lọ láti ọ̀dọ̀ yín, pẹ̀lú àwọn tírélà tó wà níbẹ̀, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń dán bíréèkì wò.

Ẹ gbàgbé eyín táyà, ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀. Lẹ́bàá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta, kí ọdún 2000 tó dé ni wọ́n ti ṣe é. Táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, tàbí tó ń la lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ ọ́ nù pẹ̀lú túúbù rẹ̀. Nígbà tí fọkanáísà bá ṣí i, kó fi sáńpépà ra ìpẹtà inú ríìmù, kó sì fi rọ́bà bo orí àwọn sípóòkù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ túúbù tuntun á jò láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ tú bíréèkì iwájú àti ẹ̀yìn. Gúlúù ni wọ́n fi lẹ rọ́bà bíréèkì mọ́ bàtà rẹ̀, gúlúù náà sì máa ń kú. Rọ́bà lè nípọn dáadáa, kó sì já lọ́jọ́ tí ẹ bá fi agbára tẹ bíréèkì, kó há sáàárín, kí wíìlì dúró lójú kan náà. Ẹ fi èékánná gbìyànjú láti gbé etí rẹ̀ sókè. Bó bá mira, tàbí tó bá ti tín-ín-rín ju 2 mm lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù nu ekuru inú rẹ̀, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ: asibẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ bíréèkì àtijọ́, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Ẹ yọ irin tó ń ṣí bàtà náà, ẹ ra ìpẹtà ara rẹ̀, kẹ́ ẹ fi gírísì díẹ̀ pa á.

Okùn bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì: ẹ gé igun ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ẹ fi rọ́bà dè é mọ́ orí okùn, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ mọ́jú. Tí ọ́ìlì bá jáde nísàlẹ̀, ó tó. Tí okùn kan bá ti já nínú ìdì rẹ̀, ẹ ra tuntun.

Ẹ gbé wíìlì iwájú kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ yí ọwọ́ máṣíìnì sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń dúró díẹ̀ ní àárín gbùngbùn bí ẹni pé ó já sí kòtò, bíárìnì ọrùn rẹ̀ ti jẹ. Ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ á já sílẹ̀ tí wọ́n bá tú u, ẹ tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kà wọ́n.

Ṣéènì: ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì, kó máa fì bíi 20 mm. Tí eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti tẹ̀ bí ìkọ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ gùn ún yí àdúgbò ká fún kìlómítà 5, kẹ́ ẹ fún gbogbo nọ́ọ̀tì. Ẹ tún gùn ún 20, ẹ tún fún wọn. Lẹ́yìn kìlómítà 100, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọ̀yọ́ ò ní sá lọ.

Láti Challenge

*Mo fẹ́ ra CG125 àtijọ́ kan, màá sì kùn ún ní tuntun kí n tó ṣe ẹ́ńjìnnì, kí n lè máa rí i kí orí mi wú. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?*

Ẹ kùn ún kẹ́yìn. Bẹntiróò, ATF àti sípánà á ba ọ̀dà tuntun yẹn jẹ́ kẹ́ ẹ tó parí ẹ́ńjìnnì. Tí ọ̀dà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ bá ṣì wà, ẹ fi rọ́bìnì kọ́ńpáùǹdì, ìpara tó ń mú ọ̀dà dán, nù ún ná. Ìpẹtà ara kúróòmù, bébà onírin tí wọ́n fi ń di oúnjẹ àti fíníkà díẹ̀ á mú púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Ẹ má sọ ohunkóhun tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ nù, pàápàá kabúrétọ̀ àti àwọn àmì ara táńkì, títí ẹ ó fi fi tuntun wé e lójú. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì Ṣáínà ni wọ́n ṣe ní àwòkọ́ CG125, àwọn páàtì wọn sì pọ̀ lọ́jà. Púpọ̀ wọ̀ ọ́, àwọn kan ò wọ̀. Ti Bajaj ò sí nínú rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi nọ́ńbà ọrùn férémù àti ti ẹ́ńjìnnì wé ìwé ọkọ̀, ẹyọ kan lẹ́yìn ẹyọ kan. Bí ojú nọ́ńbà bá dán ju ibi tó yí i ká lọ, tàbí tí àmì fáìlì wà níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ kùn ún, ẹ gbé bébà lé nọ́ńbà náà, ẹ fi pẹ́ńsùlù ra á kó jáde, kẹ́ ẹ tọ́jú bébà yẹn mọ́ ìwé ọkọ̀, kẹ́ ẹ wá fi téèpù bo ojú nọ́ńbà kí ẹni tó ń ra sáńpépà má bàa ra á dànù.